Ìsàlẹ̀ Ìwé Ni Kẹ́ Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀: Ìbéèrè Yín Lórí Àwọn Tí Wọ́n Ń Mú Lọ Ife Àgbáyé Rọ́gbì

Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ nípa rọ́gbì lójú ìwé yìí ni lẹ́tà yín ò ti dáwọ́ dúró, èyí tó sì yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbá a ni púpọ̀ yín ń béèrè, orúkọ lẹ̀ ń béèrè. Ta ni wọ́n mú, ta ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ló dé tí ẹni tí ò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀ tún wá gbá fáínà. Inú mi dùn sí i gan-an torí ibẹ̀ lèmi náà máa ń kọ́kọ́ wò. Tí orílẹ̀-èdè kan bá ti gbé orúkọ jáde, mi kì í wo àwọn gbajúmọ̀ tó wà lókè, ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń kà á bọ̀, torí àwọn tí wọ́n mú kẹ́yìn yẹn ti gba ife fún èèyàn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ ká máa mú un níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi àtàwọn ọmọ ni ò jẹ́ kí n gbádùn pẹ̀lú rọ́gbì yìí, èmi náà wá ń bá wọn wò ó. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń kà lórí pápá. Kí wá ni wọ́n ń fi èèyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fi owó orílẹ̀-èdè ṣòfò? — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé o. Ẹ ò kà á ṣì, 15 ló ń bẹ̀rẹ̀ eré lóòótọ́, àmọ́ 23 ló ń wọ jẹ́sì lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn 8 á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó kù nínú 33 wà níbẹ̀ torí pé ìdíje yẹn gùn, ó sì le. Èyí tí wọ́n ṣe ní Faransé ní 2023, ọjọ́ 8 Oṣù Kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 28 Oṣù Kẹwàá ló parí. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko tí àwọn géńdé ń fi èjìká kọ lu ara wọn, tí ẹni tó bá sì ti bá ìfarapa lọ ilé, ó lọ nìyẹn. Wọn kì í mú 33 tẹ́lẹ̀ o, 30 ni wọ́n ń mú ní 2011, ó di 31 ní 2015 àti 2019, kó tó wá di 33 ní 2023.

Àmọ́ kókó ibẹ̀ gan-an wà níwájú. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn jẹ́sì wọn, ní rọ́gbì nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ló ń sọ. Nọ́ńbà 1 dé 8 ni àwọn ti iwájú, àwọn tó ń ti scrum, ìyẹn ibi tí àwọn ti iwájú lápá méjèèjì ti máa ń dì mọ́ra wọn tí wọ́n á sì máa ti ara wọn. Nọ́ńbà 9 ló ń gbé bọ́ọ̀lù jáde nídìí scrum, 10 ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà, òun náà ló sì sábà máa ń gbá pẹ̀nárítì. 11 àti 14 ni àwọn asáré etí pápá, 12 àti 13 wà láàárín, 15 ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Nínú gbogbo wọn, 1, 2 àti 3 ni ò ṣeé fi ẹni tẹ́ ẹ bá ṣáà ti rí rọ́pò. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń kó orí bọ ààrin àwọn mẹ́ta ti òdìkejì, ọrùn sí ọrùn, èjìká sí èjìká, tí àwọn márùn-ún sì ń ti wọ́n láti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tí wọn ò kọ́ níṣẹ́ yẹn tó bá lọ kó orí bọ ibẹ̀, ọrùn ẹ̀ lè kán, mi ò sì fi ṣeré rárá. Ìdí tí òfin fi sọ nìyẹn pé nínú 23 ọjọ́ eré, èèyàn mẹ́fà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ojú scrum, méjì méjì fún ipò kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 1 àti 3 ni wọ́n ń pè ní prop, nọ́ńbà 2 ni hooker.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ítálì ní Shizuoka, ní Jàpáàn, ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá 2019. South Africa ni wọ́n ń bá gbá. Simone Ferrari tó wọ nọ́ńbà 3 ṣèṣe nígbà tí eré ò tíì rinlẹ̀, wọ́n fi Marco Riccioni rọ́pò ẹ̀, òun náà tún ṣèṣe. Ó tán. Kò sí nọ́ńbà 3 mìíì lórí bẹ́ǹṣì, ni rẹfirí bá ní kí wọ́n máa ṣe scrum tí ẹnikẹ́ni ò ti ẹnikẹ́ni, wọ́n á kàn dì mọ́ra wọn lásán. 49-3 ni wọ́n nà wọ́n. Ní Dublin ní 2022, nínú ìdíje Six Nations, tiwọn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, hooker wọn àkọ́kọ́ ṣèṣe, èyí tó wọlé rọ́pò ẹ̀ gba káàdì pupa, kò sí ẹlòmíì, òfin sì sọ pé tí scrum bá di aláìtì nítorí tiyín, ẹ gbọ́dọ̀ tún yọ èèyàn kan kúrò lórí pápá. Bí Ítálì ṣe fi èèyàn 13 gbá ìyókù eré nìyẹn, Ireland sì lù wọ́n ní 57-6. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá rí kóòṣì tó mú prop mẹ́fà àti hooker mẹ́ta, ẹ má pè é ní òfò.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wọ́n pe ẹnì kan láti ibi tó ti ń pẹja kó wá gbá fáínà Ife Àgbáyé. Ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́ ni? — Ọmọ Apẹja

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ọmọ apẹja ẹgbẹ́ ẹ sì ni.

2011 ni, New Zealand ló gbàlejò ìdíje náà, odindi ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n sì ti ń dúró kí wọ́n tún gba ife yẹn, láti 1987. Wọ́n ní Dan Carter, nọ́ńbà 10 tí gbogbo ayé ń wárí fún. Carter ò tiẹ̀ sí nínú eré lọ́jọ́ tí tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ o, ó kàn ń ṣe ìdánrawò bó ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni iṣan òkè itan ẹ̀ bá lọ. Wọ́n pe Aaron Cruden wá, ẹni tí kò sí nínú orúkọ àkọ́kọ́. Colin Slade bọ́ sí ipò Carter, Slade náà ṣèṣe nígbà tí wọ́n ń bá Argentina gbá ní kọ́tà fáínà. Ó wá ku Cruden nìkan, wọ́n sì nílò ẹni tó máa jókòó dè é.

Stephen Donald ni wọ́n fẹ́ pè. Odò Waikato ló wà ní tiẹ̀, ó ń fi àwọ̀n kó àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní whitebait. Kóòṣì Graham Henry ń pe fóònù ẹ̀, kò gbé e, àfìgbà tí Mils Muliaina, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ikọ̀, bá a sọ ọ́ pé kó yáa gbé fóònù ẹ̀.

Ọjọ́ 23 Oṣù Kẹwàá, Eden Park, New Zealand àti Faransé. Ìdajì àkọ́kọ́ ò tíì pé tí orúnkún Cruden fi yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Donald wọlé. Tí ẹ bá rí fọ́tò ọjọ́ yẹn ẹ wò ó dáadáa, jẹ́sì tó wọ̀ ò gbà á, ó fún un pinpin, tó bá ti nawọ́ sókè báyìí, etí jẹ́sì á sún, ikùn ẹ̀ á yọ. Piri Weepu tó ń gbá pẹ̀nárítì tẹ́lẹ̀ ti ń tàsé, wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù fún Donald, ó sì gbá a wọlé láàárín òpó. 8-0. Kò pẹ́ rárá tí Thierry Dusautoir fi gba try fún Faransé, ìyẹn ni pé ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n gbá àfikún ẹ̀ wọlé, ó di 8-7, bó sì ṣe parí nìyẹn. Yọ pọ́ìǹtì mẹ́ta Donald kúrò níbẹ̀ kó o wo ẹni tó gba ife. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí ìtàn yìí, ara mi máa ń bù mààgà.

Ọ̀rọ̀ kan ò yé mi o. Ní 2023, hooker South Africa ló ṣèṣe, nọ́ńbà 10 ni wọ́n wá pè láti rọ́pò ẹ̀. Ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣàìsàn tí wọ́n fi lọ pe alágbẹ̀dẹ? Irú ìṣirò wo nìyẹn? — Olùkọ́ Ìṣirò

Olùkọ́, ẹ ò dá nìkan bínú, àwọn tó ti gbá rọ́gbì fún ọ̀pọ̀ ọdún náà bínú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe rí. South Africa mú ti iwájú 19, wọ́n mú ti ẹ̀yìn 14. Nínú 14 yẹn, nọ́ńbà 9 mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Faf de Klerk, Jaden Hendrikse, Cobus Reinach, Grant Williams, àmọ́ Manie Libbok nìkan ni ojúlówó nọ́ńbà 10. Handré Pollard tó bá wọn gbá a tí wọ́n fi gba ife ní 2019 ò sí ńbẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún, wọ́n fi í sílẹ̀. Libbok mọ bọ́ọ̀lù gan-an o, ọwọ́ ẹ̀ dán, ṣùgbọ́n pẹ̀nárítì ẹ̀ ń já èèyàn láyà. Bí wọ́n ṣe bá Scotland gbá tán, orúnkún Malcolm Marx lọ níbi ìdánrawò, hooker tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí irú ẹ̀ láyé. Òfin fún wọn láyè kí wọ́n pe ẹnì kan, kò sì sọ pé ipò kan náà lonítọ̀hún gbọ́dọ̀ máa gbá. Wọ́n bá pe Pollard.

Ó wá túmọ̀ sí pé Bongi Mbonambi nìkan ni ojúlówó hooker tó ṣẹ́ kù fún wọn. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Deon Fourie, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ scrum lòun ti ń tì fún South Africa ṣùgbọ́n tó ti gbá hooker rí tipẹ́.

Ọjọ́ 21 Oṣù Kẹwàá, England, ìpele tó kángun sí fáínà. Òjò ń rọ̀, England ń na South Africa, kóòṣì ò tiẹ̀ dúró de ìsinmi àárín eré tó fi yọ Libbok tó mú Pollard wọlé. Ó di 15-6, àwa tó ń wò ó ti ń wá bàtà. RG Snyman gba try, Pollard gbá àfikún ẹ̀, 15-13, ó wá ku ìṣẹ́jú péréte kí eré parí ni wọ́n rí pẹ̀nárítì kan gbà, láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀gbẹ́ àárín pápá níbẹ̀ yẹn. Pollard tò ó, ó wò ó, ó gbá a. 16-15.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni fáínà pẹ̀lú New Zealand ní Stade de France, tí ohun tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù sì ṣẹlẹ̀ kíákíá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni o! Mbonambi ti wà nílẹ̀ tó ń di orúnkún mú. Fourie dìde lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ọdún 37, ẹni tó jẹ́ pé ọdún tó ṣáájú ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́sì orílẹ̀-èdè ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń gbá hooker náà ló ń ju bọ́ọ̀lù wọlé láti etí ìlà kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n gbé sókè lè mú un, nígbà tí mo rí Fourie tó kọ́kọ́ dúró sétí ìlà yẹn tó gbé bọ́ọ̀lù sókè orí, mi ò lè jókòó mọ́. Ibẹ̀ ò dán mọ́rán fún wọn lóòótọ́, àmọ́ Fourie ò sá, ó gbá a débi tí fèrè ìkẹyìn fi dún. South Africa 12, New Zealand 11. Pẹ̀nárítì mẹ́rin ló di 12 yẹn, Pollard ló gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ wò ó, Olùkọ́, mi ò ní torí pé ó yọrí sí rere kí n wá sọ fún yín pé ó bọ́gbọ́n mu. Ewu ńlá ni. Ká ní Fourie náà ṣèṣe ní ìdajì àkọ́kọ́, kò tún sẹ́ni tó lè dúró síbẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ Ítálì ti Dublin ni à bá tún máa sọ lónìí. Àmọ́ mo gbà fún wọn pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé ló máa ń gba ife yẹn tó bá ti dé òpin.

Kí ni 7-1 tí wọ́n máa ń sọ? Ṣé góòlù ni? — Tóò

Rárá o, bí wọ́n ṣe pín bẹ́ǹṣì ni. Nínú àwọn 8 tó jókòó, márùn-ún sábà máa ń jẹ́ ti iwájú, mẹ́ta jẹ́ ti ẹ̀yìn. South Africa sọ ọ́ di 6-2 ní 2019, wọ́n á kó iwájú tuntun wọlé nígbà tó bá ti rẹ àwọn tó dojú kọ wọ́n, orúkọ tí wọ́n fún àwọn yẹn ni Bomb Squad, England ò sì gbàgbé wọn, 32-12 ni fáínà yẹn parí sí ní Yokohama. Ti 7-1 gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èèṣì. Oṣù Kẹjọ 2023, wọ́n fẹ́ bá New Zealand gbá ní Twickenham, ara Willie le Roux tó jẹ́ ti ẹ̀yìn ò wá dá nígbà tó kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Kwagga Smith tó jẹ́ ti iwájú rọ́pò ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. 35-7! Títí dìgbà yẹn, New Zealand ò tíì jẹ irú ìyà yẹn rí. Wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nígbà tí wọ́n ń bá Ireland gbá nínú ìpele gúrúùpù, Ireland ló borí, 13-8, wọ́n tún ṣe é ní fáínà. Le Roux nìkan ni ti ẹ̀yìn lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ fáínà. Ká ní de Klerk ṣèṣe, asáré etí pápá ni wọn ì bá fi ṣe nọ́ńbà 9. Tèmi ni pé àyà wọn le.

Ẹ má bínú o, inú ń bí mi ni. Mo rí ọ̀gbẹ́ni Jean Kleyn nínú ikọ̀ Ireland ní 2019, mo tún rí i tó ń gbé ife pẹ̀lú South Africa ní 2023. Ṣé ó wá di pé ẹni tó bá ṣáà ti rí ibi tó dáa lè wọ jẹ́sì tó bá wù ú? Níbo ni ìfẹ́ ilẹ̀ ìbí wà? — Ọmọ Onílẹ̀

Ọmọ Onílẹ̀, ẹ fara balẹ̀, kò ṣe èrú. Ọ̀nà tí èèyàn fi lè gbá fún orílẹ̀-èdè kan kò pọ̀. Kí wọ́n bí i síbẹ̀, tàbí kí wọ́n bí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ síbẹ̀, tàbí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà, tàbí kó gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún léraléra. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi kún un. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ, òfin kàn sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó ni.

Johannesburg ni wọ́n bí Kleyn sí, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Munster, ẹgbẹ́ rọ́gbì kan ní Ireland, ọdún mẹ́ta tó gbé níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ti Ireland ní 2019. Tẹ́lẹ̀, tó o bá ti wọ jẹ́sì ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú eré àgbà, o ti di tiwọn títí ayé nìyẹn. January 2022 ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: tí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá tó o ti gbá kẹ́yìn fún ilẹ̀ kan, o lè lọ sí òmíràn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n bí ẹ sí tàbí ibi tí wọ́n bí òbí tàbí òbí àgbà ẹ sí, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni láyé ẹ. Nítorí náà Kleyn ò sá lọ síbi tó dáa, ilé ló padà sí.

Mo fọwọ́ sí òfin tuntun yìí tọwọ́tẹsẹ̀, torí kì í ṣe South Africa ni mo ń rò tí mo bá ń wò ó, Tonga àti Samoa ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni New Zealand àti Ọsirélíà ti ń mú àwọn ọmọ erékùṣù yẹn, wọ́n á lò wọ́n fún eré díẹ̀, wọ́n á sì pa wọ́n tì, ọmọ ọ̀hún ò sì ní lè gbá fún ilẹ̀ àwọn òbí ẹ̀ mọ́. Ní 2023, Charles Piutau àti Malakai Fekitoa tí wọ́n ti gbá fún New Zealand rí wọ jẹ́sì Tonga, Lima Sopoaga wọ ti Samoa, Christian Leali'ifano tó ti gbá fún Ọsirélíà náà wọ ti Samoa. Ẹ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń kọ orin orílẹ̀-èdè, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé kò sí ìfẹ́ níbẹ̀.

Ìfẹ́ tún máa ń wá láti ibi téèyàn dàgbà sí. Christchurch ní New Zealand ni wọ́n bí Michael Leitch sí, ọmọ ọdún 15 ló wà nígbà tó lọ kàwé ní Jàpáàn, òun ni balógun Jàpáàn lọ́jọ́ tí wọ́n na South Africa ní 34-32 ní Brighton, 2015. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí n mú un sún mọ́lé, ẹ wo orúkọ àwọn tí England mú ní 1995, Victor Ubogu tí wọ́n bí sí Èkó wà níbẹ̀, Steve Ojomoh tí wọ́n bí sí Benin wà níbẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Adedayo Adebayo wà lára àwọn ọmọ England tó gba Ife Àgbáyé ẹlẹ́ni méje. Ṣé ká bínú sí wọn ni? Èmi yangàn ni.

Kí ló dé tí Faransé ò fi pe ẹlòmíì ní 2023 nígbà tí egungun ojú Antoine Dupont, nọ́ńbà 9 wọn, fọ́? — Adé

Torí ẹni tó o bá ti pe ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, kò lè padà sínú ìdíje yẹn mọ́. Ọjọ́ 21 Oṣù Kẹsàn-án ló ṣèṣe, wọ́n ń na Namibia ní 96-0 lọ́wọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo torí nọ́ńbà 9 méjì mìíì wà nílé. Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹwàá ló padà, ó de akoto mọ́rí, South Africa sì fi pọ́ìǹtì kan péré lé wọn lọ, 29-28. Ó dùn mí fún un. Tí èèyàn bá ní irú Dupont, ó yẹ kó dúró dè é.

Mo ti kíyè sí i pé ẹ̀yin àgbà ni ẹ máa ń gbè lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ náà gbá o! Kóòṣì tó bá mú ọ̀dọ́ nìkan ló ní ọgbọ́n ọjọ́ iwájú. — Ọ̀dọ́ Lágbára

Àbúrò, mo gbọ́ ẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọsirélíà 2023. Eddie Jones tó jẹ́ kóòṣì wọn gbé orúkọ jáde, àgbà bíi Michael Hooper ò sí ńbẹ̀, Quade Cooper tóun náà jẹ́ àgbà ò sí ńbẹ̀, Carter Gordon tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ló fi ṣe nọ́ńbà 10, òun nìkan sì ni ojúlówó nọ́ńbà 10 tó mú. Will Skelton ló fi ṣe balógun. Wọ́n gbá eré àkọ́kọ́ pẹ̀lú Georgia, wọ́n borí, àmọ́ kí wọ́n tó gbá ìkejì, Skelton ti ṣèṣe, Taniela Tupou tó jẹ́ òpó scrum wọn náà ti ṣèṣe. Fiji nà wọ́n ní 22-15, láti 1954 ni Fiji ò ti rí wọn mú. Gordon ń tàsé lọ́jọ́ yẹn, ojú ẹ̀ pọ́n, wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò sì sí àgbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kó ní ó tó báyìí, jẹ́ n gbé e. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Wales 40, Ọsirélíà 6. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọsirélíà máa já ní ìpele gúrúùpù láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje yẹn, àwọn tó ti gba ife lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò bá ọ̀dọ́ jà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni wọ́n fi dá Ifẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú ni kéèyàn gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí kó sì yọ àgbà tó yẹ kó bá a sọ ọ́ kúrò nínú ilé. Kì í ṣe Gordon ló jẹ̀bi nínú ọkàn mi, ẹni tó kọ orúkọ ló jẹ̀bi.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ẹ kì í sọ̀rọ̀ wọn. — Arábìnrin kan

Ẹ̀bi mi ni, ẹ foríjì. 32 ni wọ́n mú fún Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní England ní 2025, orílẹ̀-èdè 16 ló kópa, àwọn obìnrin South Africa sì dé kọ́tà fáínà. England na Canada ní 33-13 ní fáínà, ní Twickenham, èrò tó lé ní 81,000 ló jókòó wò wọ́n. Òfin ojú scrum kan náà ló de àwọn náà, ọrùn obìnrin kò yàtọ̀ sí ti ọkùnrin tó bá di ká kó o bọ ibẹ̀.

Ta ló máa ṣojú Áfíríkà ní 2027, ṣé South Africa nìkan náà ni? — Bàbá Àgbà

Rárá, Bàbá, Zimbabwe ń bọ̀! Ọsirélíà ló máa gbàlejò, orílẹ̀-èdè 24 ni wọ́n máa gbà dípò 20. Zimbabwe na Namibia ní 30-28 ní Kampala, Oṣù Keje 2025, bí wọ́n ṣe gba ìwé ìwọlé nìyẹn. 1987 àti 1991 ni wọ́n ti lọ rí, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n lọ kẹ́yìn ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa báyìí. Mo ń fojú sọ́nà fún ìwé orúkọ wọn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ tó bá jáde, hooker kẹta ni mo máa kọ́kọ́ wá.